Èbù Oṣù Ààwẹ̀

Ìró tí mo kọ́kọ́ fi mọ oṣù ààwẹ̀ ni ìró odó. Odó òru ni mò ń wí, láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí òkùnkùn ṣì bo Bàbáńlá, ìlú wa, bí ìkòkò tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Gbì, gbì, gbì. Odó kan á bẹ̀rẹ̀ ní agboolé kan, òmíràn á dá a lóhùn láti òdìkejì, kó tó pẹ́, iyán sààrì ti ń jáde káàkiri ìlú. Lẹ́yìn odó ni èéfín igi, lẹ́yìn èéfín ni òórùn ọbẹ̀ àná tí wọ́n tún gbé kaná, lẹ́yìn ọbẹ̀ ni ọwọ́ ìyá àgbà tó ń mi ẹsẹ̀ mi lórí ẹní: "Dìde, ìwọ tó o ní o fẹ́ gbààwẹ̀." Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ pé kó jí mi, èmi náà ni mo tún ń sunkún pé wọn ò jẹ́ kí n sùn.

Ọdún 1999 ni. Ààwẹ̀ bọ́ sínú oṣù Kejìlá lọ́dún náà, ó sì wọ inú oṣù Kìíní ọdún 2000. Ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo wa ti là, omi inú àmù tutù débi pé eyín ń dunni. Mo fi ojú kan jẹ iyán, mo fi ojú kejì sùn. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, mo ti gbàgbé ẹ̀jẹ́ mi pátápátá. Ìyá àgbà ò bá mi jà. Ó já ewé lára ẹ̀kọ fún mi, ó ní ìdajì ọjọ́ ni ààwẹ̀ ọmọdé. Bí mo bá gba ìdajì lónìí, tí mo tún gba ìdajì lọ́la, òun á bá mi rán méjèèjì pọ̀, wọ́n á di ẹyọ kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ààwẹ̀.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Bàbáńlá wà, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí Ṣàárẹ́ jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́. Àwọn Fúlàní darandaran ń gbé ní gáà yí wa ká, àwọn ni wàrà wa ti ń wá. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ ní agbègbè wa. Láti ìhà Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bá àáfà àti oníṣòwò wọlé, ní ayé ìgbà tí apá ẹ̀míìrì Ìlọrin nà dé ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó ṣòro láti rí ìdílé tí kò ní àwọn méjèèjì.

Oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn kan náà ni mo kọ́kọ́ jókòó ti bàbá mi níbi tó ti ń ṣa èbù. Wọ́n ti wa iṣu tán, wọ́n ti tò ó sí abẹ́ ibòji, bàbá mi ń gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n bóyá ó ti rà níbì kan. Èyí tó bá tóbi gọ̀ǹgbọ̀, ti ọjà ni. Èyí tó bá ní egbò, ti ilé ni, wọn á jẹ ẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò tóbi, tí wọn ò sì lábùkù, tí ara wọn ń dán. Ó ń kó àwọn yìí sọ́tọ̀ sínú agbọ̀n. Àwọn ló wọ̀ mí lójú jù. Mo ní kí ó fún mi ní ẹyọ kan kí n fi sínú iná nígbà ìṣínu. Ó mi orí. "Èyí kì í ṣe tẹnu," ni ó wí. "Tọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ èbù rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn." Mo bínú díẹ̀. Mo rò pé ahun ló ń ṣe.

Oṣù Rámádánì kì í jókòó sójú kan. Òṣùpá ni a fi ń ka ọdún Ìsìláàmù, ọjọ́ 354 sí 355 sì ni ọdún òṣùpá, nítorí náà ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún títí tí yóò fi yí gbogbo àsìkò po láàárín nǹkan bí ọdún 33. Ní ọdún 2015, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni a bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀, koríko ń lé àgbẹ̀ kiri. Òùngbẹ ò ṣe wá tó bẹ́ẹ̀, ebi ló ń wọ́ni. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni, ooru ẹ̀ẹ̀rùn ń sun ilẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì fọwọ́ kan eruku. Ebi ò tó nǹkan, òùngbẹ ló ń pa ohùn mọ́ni lọ́fun. Bí a bá sì dé ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ yóò wọlé tọ̀ wá láàárín ọdún kan ṣoṣo, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Ìyá àgbà kò ka kàlẹ́ńdà kankan, síbẹ̀ ó mọ ìrìn yìí. Ó ní òun ti gba ààwẹ̀ ọyẹ́, òun ti gba ààwẹ̀ ìroko, òun ti gba ààwẹ̀ iṣu tuntun, òun sì ti tún padà sí ààwẹ̀ ọyẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ ìgbà tí wọ́n bí ènìyàn, ààwẹ̀ tí wọ́n bí i sí ló máa ń wí.

Bí òṣùpá bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo etí á wà lára rédíò. À ń dúró de Súlútánì Sókótó, ẹni tó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ọ̀ràn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, kí ó kéde pé wọ́n ti rí òṣùpá. Ṣùgbọ́n àwa ọmọdé kì í dúró de Sókótó. A ti gun orí àpáta ní kété tí oòrùn ń wọ̀, a ń wo ìwọ̀ oòrùn títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á figbe ta, yóò sì di ènìyàn ńlá fún alẹ́ ọjọ́ náà: òṣùpá tín-ínrín bí èékánná ọmọ tuntun.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òṣùpá. Láti inú oṣù Ṣàábánì ni ìyá àgbà ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ń san gbèsè ààwẹ̀, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí àìsàn tàbí ìrìn-àjò kò jẹ́ kó gbà lọ́dún tó kọjá. Ó ń ra ẹ̀wà àti òróró sílẹ̀ kí àwọn ọlọ́jà tó gbé owó lé e. Lọ́dún 1999 tí mò ń sọ yìí, ó tún ní ẹjọ́ kan nílẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà, lórí ibi tí ẹnì kan tẹ́ ẹní rẹ̀ dé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọn ò kí ara wọn. Ọjọ́ méjì kí ààwẹ̀ wọlé, ó mú mi lọ́wọ́, a lọ sí ilé obìnrin náà, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ òun ló dàgbà jù. Ó ní, "Èmi ò lè gbé ẹjọ́ wọnú ààwẹ̀." Obìnrin náà bú sẹ́kún, òun náà kúnlẹ̀. Ohun tí mo rántí jù ni pé nígbà tí à ń padà lọ, ìyá àgbà rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ igi lórí rẹ̀ kalẹ̀.

Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ajísààrì á máa yí ìlú po lóru, wọ́n á máa lu agogo, sákárà àti agolo, wọ́n á máa pe orúkọ baálé ilé kọ̀ọ̀kan kí oorun má bàa gbé e lọ. Wéré là ń pe orin wọn. Iṣẹ́ ìsìn ni. Kò sí ẹni tó rò pé ó lè bí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó gbé e dé: Síkírù Àyìndé Barrister, ẹni tó papò dà ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, wéré ló ti ń kọ láti kékeré, òun ló sì sọ orin tó yọ láti inú rẹ̀ ní Fújì, lẹ́yìn tó rí orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lára ìwé ìpolówó kan ní pápákọ̀ òfurufú. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi jí Mùsùlùmí jẹun sààrì ti di orin tí gbogbo ayé ń fi jó. Báyìí ni oṣù yìí rí: ohun tí ènìyàn bá fi tọkàntọkàn ṣe nínú rẹ̀, ó ṣòro láti mọ ibi tí yóò hù dé.

Òru ti yàtọ̀ báyìí. Ní ọdún 2025, àwọn agbébọn ṣọṣẹ́ ní Bàbáńlá, wọ́n ṣọṣẹ́ ní ìlú Òkè-Òde pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó ẹrù wọn lọ síbi tí ọkàn wọn ti lè balẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já kó tó béèrè ta ni. Fóònù ló ń jí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún sààrì báyìí, nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa. Mi ò rò pé ó yẹ kí ènìyàn máa yin oṣù ààwẹ̀ kó sì fo èyí kọjá. Àlàáfíà tí a máa ń tọrọ nínú àdúà láìronú, nísinsìnyí, a mọ bí ó ti tó.

Ní ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí ojúmọ́ bá ti là títí oòrùn fi wọ̀, ààwẹ̀ wà ní nǹkan bíi wákàtí 13 sí 14, bóyá ọyẹ́ ni tàbí òjò. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá bọ́ sí oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á ti kọjá kí oòrùn wọn tó gbà láti wọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ebè. Bàbá mi á kírun Àsùbáà tán, á mú ọkọ́, á sì ti wà lóko kí ojú tó mọ́ kedere. Ó mọ̀ pé agbára sààrì kò ju nǹkan bí aago mẹ́wàá lọ, torí náà iṣẹ́ tó le ló ń kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí oòrùn bá gòkè, á bọ́ sábẹ́ igi, á máa hun okùn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé sísun lọ́sàn-án ni ọgbọ́n ààwẹ̀. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ẹni tó bá fi oorun gba ààwẹ̀ dà bí ẹni tó ránṣẹ́ sí oko rẹ̀.

Lẹ́yìn Àlásárì, ìlú á pé sí mọ́sálásí fún tafsírù. Ọkùnrin wà nínú, àwọn ìyá wà lábẹ́ ìbòrí níta, àwa ọmọdé wà lójú fèrèsé. Ajánásì á ka ẹsẹ̀ Kùránì pẹ̀lú ohùn dídùn, á dúró, àáfà á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, á fi ìtàn gbè é, á fi òwe tì í lẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé orí ìtàn Ànábì Yúsúfù ni èrò ń pọ̀ jù. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà, a mọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jù ú sí kànga, a mọ pé yóò jọba lórí oúnjẹ ilẹ̀ Íjíbítì, síbẹ̀ nígbà tí àáfà bá dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń sunkún, àwọn ìyá á máa fi etí gèlè nu ojú. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn jù ni ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méje ọ̀dá: bí Yúsúfù ṣe ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírì rẹ̀. Bàbá mi á mi orí lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mímì ti gbígbà ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá àgbà á ti gbé agbada kaná lẹ́bàá ọ̀nà. Àkàrà rẹ̀ ni ìṣínu ìdajì àdúgbò wa. Níbẹ̀ ni mo ti ní iṣẹ́ ńlá tèmi: òun kò lè tọ́ iyọ̀ wò, nítorí náà èmi tí ààwẹ̀ mi kò kọjá ọ̀sán ni olùtọ́wò ilé. Á fi ẹ̀yìn ṣíbí bù ú sí mi látẹ́lẹwọ́, á máa wo ojú mi. Bí mo bá ní ó ku iyọ̀, á fi sí i. Lọ́jọ́ kan, mo purọ́ pé ó kù lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè tún tọ́ ọ wò, àkàrà ọjọ́ náà sì ya iyọ̀ débi pé àwọn oníbàárà ń bèèrè omi. Kò nà mí. Ó kàn ní, "Ẹnu ẹ náà yẹ kó máa gbààwẹ̀." Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ lẹ́nu àáfà pé ohun tí Ànábì Muhammad kọ́ àwọn Mùsùlùmí nìyẹn: ẹni tí kò bá fi irọ́ sílẹ̀, ebi lásán ló ń pa á.

Bí làdánì bá ti pe ìrun Màgàríbà, gbogbo ọwọ́ á na sí dàbínù tàbí omi. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ á gbé mọ́ínmọ́ín wá, tàbí wàrà díndín. Ní ọdún 2025, ààwẹ̀ tiwọn àti tiwa jọ rìn pọ̀: a bẹ̀rẹ̀ tiwa ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì tiwọn ní ọjọ́ 5. Nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò ń lọ sí mọ́sálásí, ìyàwó ilé ló mọ bí ó ti ń ka ẹni tó ń jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ìṣínu bá délẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀sìn ẹlòmíràn kó tó bu àkàrà.

Lẹ́yìn Ìṣáì ni ìrun àṣámù. Kùránì ní ìpín 30, oṣù náà ní ọjọ́ 29 tàbí 30, nítorí náà ẹni tó bá ń ka ìpín kan lálẹ́ kan á kà á tán pẹ̀lú oṣù. Nínú alẹ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ni Òru Abiyì wà, òru tí Súrà 97 sọ pé ó lóore ju ẹgbẹ̀rún oṣù lọ. Ẹgbẹ̀rún oṣù! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 83 àti oṣù mẹ́rin, odindi ọjọ́ ayé ẹni tó bá dàgbà dáadáa. Ànábì Muhammad máa ń wọ ìtikáfù ní ọjọ́ mẹ́wàá wọ̀nyí, yóò fi mọ́sálásí ṣe ilé. A kò sọ òru náà fún wa pàtó. Wọ́n ní ká wá a, àgàgà nínú àwọn òru tí òǹkà wọn kò pé méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti yan òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n fún Ọlọ́hun. Òru ọjọ́ náà, mọ́sálásí á kún dé ìta. Òru kejì rẹ̀, ẹní á ṣẹ́kù. Mo máa ń ronú nípa àgbẹ̀ tó bá lọ sóko lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún nítorí pé wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ yẹn ni òjò máa rọ̀. Bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, orí ebè wo ni yóò rọ̀ sí?

Àwọn àbùkù mìíràn wà tí a jọ mọ̀. Ẹlòmíràn ń jẹ nínú ìṣínu àti sààrì ju ohun tó ń jẹ nínú oṣù méjì lọ, á sì wá rù ú wọnú ìrun bí aboyún. Ọlọ́jà kan á gbé owó ọsàn àti ṣúgà sókè nítorí ó mọ̀ pé ọ̀ranyàn ni fún wa. Òmíràn pa ẹnu mọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ń bú èèyàn lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ka ara mi mọ́ wọn, nítorí mo ti lo òru kan nínú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn rí lórí fóònù, tí mò ń wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kírun ní Mẹ́kà.

Lójú tèmi, ẹni tó mọ èrè oṣù náà jù nínú gbogbo àwọn tí mo rí ni ìyá àgbà, ní ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nígbà tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́. Ògbó ti dé, ó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Òfin ẹ̀sìn sì láàánú: ó dá aláìsàn sí, ó dá arìnrìn-àjò sí, ó dá aboyún àti abiyamọ sí, ó sì ní kí arúgbó tí agbára rẹ̀ ti tán bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Fídíyà là ń pè é. Múdù kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kún ọwọ́ méjì tí a dì pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé àpò ọkà bàbà wá síwájú òun. Ní ọdún àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ní ọdún kejì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó ní ó ti rọ, kò tó òṣùwọ̀n mọ́, kí bàbá mi wá fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bàbá mi á da ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ tó ti fi ọkọ́ pa run, á bu ọkà, ìyá àgbà á fi ìka kan tẹ orí rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó kún. Lẹ́yìn náà, èmi ni mò ń gbé e lọ fún opó kan lẹ́yìnkùlé wa. Ọgbọ̀n ọjọ́, ọgbọ̀n ẹ̀kún ọwọ́. Kò jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà bí ó tilẹ̀ rọrùn. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn ẹlòmíràn ń gbààwẹ̀, ojoojúmọ́ ni òun náà máa gba tòun.

Sàká ìtúnu ààwẹ̀ ló ń pa ilẹ̀kùn oṣù dé. Múdù mẹ́rin ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àtọmọ tuntun àtarúgbó, láti inú oúnjẹ tí ìlú ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí wọ́n tó kírun ní Yídì. Lọ́dọ̀ wa, àgbàdo àti ọkà bàbà àti ìrẹsì ni, nítorí iṣu kò ṣeé bù sínú ọwọ́. Ní àárọ̀ ìtúnu ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́ yẹn, ní oṣù Kìíní ọdún 2000, mo wọ aṣọ tuntun, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí Yídì, èrò ń gba ojú ọ̀nà pẹ̀lú gbígbé Ọlọ́hun tóbi. Ní ọ̀nà àbọ̀, ọ̀nà mìíràn la gbà, bí Ànábì ti máa ń ṣe, ká lè kí àwọn tí a kò rí nígbà tí à ń lọ. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." "Ọlọ́hun á gbà á ní ìbádà." Ẹran ń ta sáná, mo sì jẹun lọ́sàn-án gangan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bá mi rán ààwẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kejì, mo jí. Mi ò mọ ohun tó jí mi. Bóyá ara mi ti kọ́ aago náà. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún odó, n ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí agogo ajísààrì, kò sí èéfín. Gbogbo Bàbáńlá ń sun oorun ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi bútà tó ń kán sórí òkúta ẹ̀yìnkùlé. Mo yọjú. Ìyá àgbà ni, ó ń ṣe àlùwàlá nínú ọyẹ́, nìkan ṣoṣo, kò sí ẹni tó jí i. Ó kírun rakáà díẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ tútù kan, ó mu omi. Mo bi í léèrè bóyá ó gbàgbé pé ààwẹ̀ ti parí. Ó ní òun ò gbàgbé, ọjọ́ mẹ́fà kan wà nínú oṣù Ṣàwál tí òun fẹ́ fi lé e. Ó ní kí n padà lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi ti ń múra oko. Ó gbé agbọ̀n èbù lé orí, àwọn iṣu kéékèèké tí ara wọn ń dán, tí mo ti ń wò tìfẹ́tìfẹ́ fún odindi oṣù kan. Ó rí mi, ó dúró. Mo wo agbọ̀n náà, mo wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lórí òkúta. N kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gba ọkọ́, mo tẹ̀lé e lọ.